Láti Kambolé dé Sokodé: Ìtẹ́ Kan, Ọmọ Púpọ̀

Kambolé wà ní ìlà-oòrùn àárín gbùngbùn Togo, kò jìnnà sí ààlà Benin. Arìnrìn-àjò tó bá ti Lomé gòkè wá, tí ó ti ń gbọ́ Ewe àti Mina lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí ó sì rò pé òun ti fi ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire sílẹ̀ pátápátá, ẹnu yóò yà á nígbà tó bá dé ibẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka èdè Yorùbá ni àwọn onílé ń sọ. Ohùn wọn kì í ṣe ohùn Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti inú ìwé. Ẹbí ni ó jẹ́ fún ohùn àwọn Ifẹ̀ tí ń bẹ ní Atakpamé àti ti àwọn Nàgó ilẹ̀ Benin. Àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà rántí Kambolé. Lójú tèmi, àbùkù àwòrán náà nìyẹn, kì í ṣe ti ìlú.

Abẹ́ àkóso Tchamba ni Kambolé wà, àwọn tí èdè wọn kò bá tirẹ̀ tan ni ó sì pọ̀ jù láyìíká rẹ̀. Akaselem ni àwọn onílẹ̀ ń sọ ní Tchamba, Tem ni wọ́n ń sọ ní Sokodé. Ọmọ Kambolé tó bá ń bá àwọn àgbà lọ sí ọjà lè gbọ́ èdè mẹ́ta kó tó mọ bí a ti ń kí ènìyàn ní Faransé.

Ọ̀nà tó lọ sí Tchamba la inú ọ̀dàn kọjá. Igi ẹ̀mí àti igi igbá dúró káàkiri inú oko, nítorí pé kò sí àgbẹ̀ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé igi tí ń fún un ní òrí àti irú. Ebè iṣu tò lọ títí tí ojú kò fi lè ká a. Òwú wà, kajú náà wà. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo ewé gbogbo, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ igi a sì di ọ̀kan náà.

Ìlú Tchamba kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ní etíkun, lọ́dọ̀ àwọn Ewe àti Mina, vodun kan wà tí à ń pè ní Tchamba. Ẹ̀mí àwọn ẹrú tí wọ́n rà láti òkè ni wọ́n ń bọ, àwọn tí baba-ńlá ìdílé rà, tí àwọn mìíràn nínú wọn di aya, tí ọmọ wọn sì di ọmọ ilé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti Tchamba wá, síbẹ̀ orúkọ ìlú kan yìí ni a fi ń pe gbogbo wọn. Ìdílé tó bá ń bọ ọ́ ń jẹ́wọ́ ní gbangba pé ẹ̀jẹ̀ ẹrú àti ẹ̀jẹ̀ olówó rẹ̀ pàdé nínú òun. Ìlú mélòó ló lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilé ọba wọn? Ta ni ọmọ ilé, ta ni oyè tọ́ sí: lórí ìbéèrè méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ọlọ́lá ti fọ́.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ méjì fún àwọn ọmọ inú agbo ilé kan. Iyèkan ni àwọn tí ìyá kan bí. Ọbàkan ni àwọn tí baba wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ìyá wọn yàtọ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé láàárín ọbàkan ni owú àti ìjà ogún ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ọmú tí àwọn iyèkan jọ mu a máa so wọ́n pọ̀. Ìtàn ilé ọba Gẹ̀ẹ́sì kò gba ìgbàgbọ́ yìí láyè rárá. Henry Kejì jọba láti 1154 títí di 1189. Apá ńlá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, òmíràn láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀, òmíràn nítorí aya rẹ̀, Aliénor ti Aquitaine. Faransé gan-an ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló dàgbà fún wọn: Henry, Richard, Geoffrey àti John, iyèkan sì ni gbogbo wọn.

Ní 1170, baba dé àkọ́bí ládé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n kò fún un ní ilẹ̀ tí yóò ṣe àkóso rẹ̀. Adé láìsí ilẹ̀, kí ni a ó ti pè é? Ní 1173, àkọ́bí yìí, Richard àti Geoffrey gbógun ti baba wọn, ìyá wọn sì wà lẹ́yìn wọn. Baba borí. Ó fi aya rẹ̀ sí àhámọ́ fún nǹkan bí ọdún 15, ikú ọba ló sì tú u sílẹ̀. John ni àbíkẹ́yìn, òun ni àwọn Faransé ń pè ní Jean sans Terre, èyíinì ni Jean Aláìnílẹ̀, nítorí pé nígbà tí a ń pín ilẹ̀, kò kan án. Baba fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ọba ń kú lọ ní Chinon, tí a ka orúkọ àwọn tó ti lọ darapọ̀ mọ́ ọ̀tá sí i létí, orúkọ John wà nínú wọn. Nígbà tó yá, tí John náà di ọba, ó mú Arthur, ọmọ Geoffrey ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní 1202. Lẹ́yìn 1203, ẹnikẹ́ni kò fojú kan ọmọ náà mọ́. Lónìí, ère Henry, Aliénor àti Richard wà ní Fontevraud ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tí kò jà rí.

Kí a má fi ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín, torí pé Ọ̀yọ́ náà mọ ẹ̀rù yìí. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é lófin nígbà kan pé bí Aláàfin bá wàjà, kí Àrẹ̀mọ bá a lọ, kí ọmọ má baà máa kánjú ikú baba. Àtìbà ló fẹ́ kí Adélù ọmọ òun jọba lẹ́yìn òun. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, tí Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún un, ó ní kò bá àṣà mu. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ìjàyè sì tú ní 1862.

Láti Tchamba sí Sokodé kò tó 40 kìlómítà. Sokodé tóbi, ó wà lórí ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá, mọ́ṣáláṣí pọ̀ níbẹ̀, àwọn oníṣòwò obì tó ń ti Salaga lọ sí Djougou àti ilẹ̀ Haúsá sì ti ń gba agbègbè yìí kọjá kí àwọn ará Jámánì tó dé. Àwọn Tem, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Kotokoli, ni onílé. Ọba wọn ní Tchaoudjo ni Uro Esso. Uro ni ọba, Esso sì ni Ọlọ́run.

Inú ìdílé Mola ni Uro Esso ti ń wá. Ìtàn wọn sọ pé láti ilẹ̀ Gurma ní àríwá ni baba-ńlá wọn ti wá, pé Tabalo ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ọmọ ń pọ̀, wọ́n ń tàn ká, wọ́n ń dá abúlé sílẹ̀: Kparatao, Komah, Yelivo, Kadambara àti àwọn mìíràn. Wọn kò fi oyè sí ọwọ́ abúlé kan ṣoṣo. Ó ń yí ká láàárín wọn, ọba a sì máa gbé ní abúlé tirẹ̀ láyé àtijọ́, tó fi jẹ́ pé olú-ìlú pàápàá ń bá ọba rìn. Kò sí John kankan tí a lè pè ní Aláìnílẹ̀ níbẹ̀: ẹni tí oyè kò tíì kàn ní abúlé, ó sì ní ìrètí.

Kétu náà mọ ọgbọ́n yìí. Ilé ọba márùn-ún ni oyè Alákétu ń yí láàárín wọn: Alápìní, Magbó, Arò, Mẹ̀sà àti Mẹ̀fù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọba kọ̀ọ̀kan bá lo ọdún 20, ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán yóò dúró fún ọdún 80. Ọmọ ọba tó jẹ́ ẹni ọdún 30 ní ọjọ́ náà kò ní rí i. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló lè rí i. Yíyí oyè ká kò pa ìjà, ó kàn gbé e láti ìta wá sínú ilé ni, nítorí pé nígbà tí ó bá kan ilé kan, gbogbo ọmọkùnrin ilé náà ló mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní padà lójú ayé òun. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn ju ti Chinon lọ. Ìjà inú ilé ní àgbà tí yóò bá wọn dá sí i.

Nísinsìnyí, ìjọba náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilẹ̀ Togo ti ọdún 1992, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 2024, mọ oyè ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú àṣà, òfin mìíràn sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2007 lórí ọ̀rọ̀ àwọn olóyè. Ẹni tí ìdílé bá yàn ṣì ní láti gba ìwé ìjọba. Ohun tí èyí mú wá ni pé ẹni tó bá pàdánù nílé lè máa wá olùgbèjà ní ọ́fíìsì, bí àwọn ọmọ Henry ṣe sá tọ ọba Faransé lọ nígbà tí baba wọn kò fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bá dé Sokodé a máa sáré lọ wo bọ́ọ̀lù AC Semassi, ẹgbẹ́ tó gba orúkọ àwọn jagunjagun Tchaoudjo àtijọ́, tàbí kí wọ́n dúró de ọdún Gadao-Adossa láti wo àwọn tí ọ̀bẹ kì í ran. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yà sí Kparatao pẹ̀lú, bí àyè bá sì wà, kí wọ́n dé Tabalo, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan níbẹ̀ pé abúlé wo ni oyè kàn. Yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n jókòó.