Igi Họ́kì Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ ìròyìn ẹbí mi ránṣẹ́, nítorí ó gbọ́ pé ọmọ-ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti rí àyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òótọ́ ni, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò ṣeé sọ ní ìlà méjì. Ọ̀rọ̀ mi àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Eré ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tìtorí rẹ̀ pe ọmọ náà: họ́kì orí omi dídì. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì ní kí ó wá wà nínú àwọn àkọ́kọ́. Àwa tí a ń gbé orí òkè yìí kì í ṣe àjèjì sí omi dídì. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yìnyín a máa lu páànù wa, àwọn ọmọdé a sì máa ṣà á sẹ́nu. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀, a kò ní irú rẹ̀ ní Bukuru. Ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí: inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ mú omi dì. Pápá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì fẹ̀ ní 85. Bàtà tí ó ní abẹ irin ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Ènìyàn mẹ́fà ni ó ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tí ń ṣọ́ gólì. Ohun tí wọ́n ń fi igi gbá kò rí roboto. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 3, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 1. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pín eré náà sí, ìṣẹ́jú 20 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1988, ìyá ọmọ yìí, ẹni tí í ṣe ọmọ mi kẹta, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Họ́kì orí pápá ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, tísà tí ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá wá sí ilé mi. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ọmọ yín mọ eré yìí gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa bá wa lọ sí Jos fún ìdánrawò.”

Mo dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, Tísà. Ìwé ni mo rán ọmọ mi lọ kà. Ọmọbìnrin tí ń fi igi lé bọ́ọ̀lù kiri, ta ni yóò fẹ́ ẹ?”

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ ohun kan. Ó gbé igi họ́kì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ìyá rẹ̀ sì sọ ọ́ di igi tí a fi ń ti fèrèsé sókè kí èéfín lè jáde. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń wo igi náà, tí n kò rí ohun kan nínú rẹ̀ ju igi fèrèsé lọ.

Ó ka ìwé, ó di nọ́ọ̀sì, ó lọ́kọ, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìlú tí wọ́n ń gbé tutù púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kọ́ bí a ti í sáré lórí omi dídì láti kékeré.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, mo jókòó síwájú tẹlifísọ̀n ní ilé mi, mo ń wo eré Olympic ìgbà òtútù tí wọ́n ń ṣe ní Pyeongchang, ní Kòríà. Mo gbọ́ orúkọ tí etí mi mọ̀: Ṣeun Adigun. Òun ni ó kó àwọn obìnrin Nàìjíríà jọ láti wa ọkọ̀ orí yìnyín tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ní Houston, ó fi pákó kan irú ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi dánra wò. Kí ó tó di ìgbà náà, ó ti sáré fífo ìdènà fún Nàìjíríà ní London ní 2012. Mo tún gbọ́ ti Simidele Adeagbo, ẹni tí ó dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré, tí orí rẹ̀ ṣíwájú. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní Olympic. Wọn kò gba àmì-ẹ̀yẹ padà wálé, ṣùgbọ́n yunifásítì ni ó kọ́kọ́ fún àwọn méjèèjì láàyè: Adigun ní Houston, Adeagbo ní Kentucky. Mo bojú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ojú sì tì mí.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ-ọmọ mi pè mí. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ bá mi bẹ Mọ́mì. Wọ́n ní kí n má lọ.” Mo pe ìyá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ìwé ni mo ní kí ó lọ kà. Ṣé kí wọ́n gbá eyín rẹ̀ dànù ni?” Mo mọ ohùn náà. Ohùn èmi fúnra mi ni, láti ọdún 1988.

Mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà kí n tó fèsì. Ní 1964 ni àwọn ọmọbìnrin Pembroke, ní yunifásítì Brown, dá ẹgbẹ́ họ́kì omi dídì sílẹ̀, àwọn ni àkọ́kọ́ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Ní 1972, òfin jáde pé ilé-ìwé tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ohun kan du ọmọbìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ní 1998, ní Nagano ní Jàpáánù, eré obìnrin wọ Olympic. Yunifásítì Long Island bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2019, ti Delaware ní 2025. Fún ọdún púpọ̀, títí di 2025, òfin eré wọn gba ilé-ìwé kan láyè láti san owó ẹ̀kọ́ ènìyàn 18 nínú irú ẹgbẹ́ obìnrin bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé igi tí mo kọ̀ lè san owó ìwé tí mo ní mo fẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ mi kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ilẹ̀kùn tí a ṣí lè padà tì. Ní 2021, yunifásítì Robert Morris pa ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin rẹ́. Àwọn olólùfẹ́ wọn dá owó jọ, wọ́n sì padà sórí pápá ní 2023. Nítorí náà mo ní kí ọmọ mi bi ilé-ìwé náà ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé wọ́n kọ owó ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé, fún ọdún mélòó? Bí ẹgbẹ́ bá túká, ṣé ọmọ náà yóò máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ? Bí ó bá ṣèṣe, ta ni yóò san owó dókítà?

Lẹ́yìn èyí, mo sọ èyí tí ó ṣòro jù. Mo ní, “Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́ ní 1988. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, orí tìrẹ sì wọ́. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tìrẹ.” Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé igi yẹn ṣì wà?”

Ó wà. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́.

Ilé-ìwé ti dáhùn ìbéèrè méjì, a ń retí ẹ̀kẹta. Ẹ bá wa gbàdúrà. Nígbà tí bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbi iṣẹ́ kùsà, àwọn ará ilé bi í pé kí ni ó ń wá nínú òtútù. Ohun tí ó wá ni gbogbo wa ń jẹ títí di òní. Ẹ̀yin òbí, bí tísà bá wá kúnlẹ̀ nítorí ọmọbìnrin yín, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀ tán.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
Bàbá oníṣòwò páànù, Bukuru.