Ẹ Jẹ́ Kí Ó Gbóná Ná

Ní Yoko, lágbègbè Sakété, ọkọ̀ bâchée Peugeot 504 tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ni àwa ọmọ rẹ̀ fi ń kó epo pupa lọ sí ọjà Pobè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun ní Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti dópin. Kò pẹ́ tí kpayo, epo inú ìgò tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, fi gbówó lórí lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà náà, bí èéfín dúdú bá ti ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, a mọ̀ pé owó wa ló ń jó.

Ọwọ́ ara wa ni a fi fa wàhálà. Bí ọkọ̀ kò bá tètè tan láàárọ̀, a ó yí sukúrù kàbúrétọ̀. Bí ó bá ń kọ́ lọ́sàn-án, a ó tún un yí. Ní ọjọ́ ọjà kan, a dẹ ìrìn kí àwọn àgùntàn lè kọjá, ọkọ̀ sì kú pátápátá. Ẹ̀dú ti bo bùjí rẹ̀. Kí a tó dé Pobè, ọjà ti ń tú. Ọ̀pọ̀ ni a ta epo tí à bá fi san owó ilé-ìwé àbúrò wa obìnrin.

A lọ bá mẹkáníìkì àgbà tí ó ti ń tún ọkọ̀ bàbá wa ṣe kí a tó gbọ́njú.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni ó wí, “ẹ yí i nígbà tó tutù, ẹ yí i nígbà tó gbóná. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ gbà gbọ́?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa.”

Ó ní kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a sọ ẹrù rẹ̀, kí a sì pa gbogbo iná rẹ̀. Ó nu bùjí, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì jókòó títí ooru rẹ̀ fi dúró lójú kan. Lẹ́yìn náà ni ó rọra yí sukúrù tí ń díwọ̀n epo, díẹ̀díẹ̀, tí ó ń dúró, tí ó ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí ìró rẹ̀ yára jù lọ tí ó sì dọ́gba, ó fi sukúrù kejì dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ inú ẹgbẹ́ wa mọ ìdí rẹ̀. Kí gíráàmù bẹntiróòlù kan tó jó tán, ó ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14.7 atẹ́gùn. Bí epo bá pọ̀ jù, bùjí a dúdú. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, a funfun. Bí wọ́n bá dọ́gba, a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tútù, epo kì í tètè di afẹ́fẹ́, nítorí náà ó ń béèrè epo púpọ̀ sí i. Ẹni tó bá díwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù yóò fi epo ṣòfò títí di alẹ́.

Owó ọjà ọjọ́ yẹn kò padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àbúrò wa fi jókòó sílé kí a tó rí owó ilé-ìwé rẹ̀ san. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ó ń lọ wo iṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà yìí. Lónìí, bí ọwọ́ wa bá ti ń yá láti mú sukúrúdíráfà, òun ni í dá wa dúró:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ó gbóná ná.”