Nípa Okùn Tí Ń Gbé Àwòrán

Àlejò tí ó bá wọ yàrá tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ńlá wà, ojú ẹ̀rọ náà ni yóò máa wò, òun náà ni yóò sì yìn. Kò sí àlejò tí í yin okùn. Bẹ́ẹ̀ ni okùn tín-ín-rín tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ni àwòrán ń gbà kọjá. Bí ẹ̀rọ bá tóbi tó ògiri, tí okùn rẹ̀ kò dá ṣáṣá, òkùnkùn ni onílé yóò máa wò. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe ń yan okùn bẹ́ẹ̀, àti bí a ṣe ń wádìí rẹ̀ nígbà tí ó bá kọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́, nítorí owó oṣù wa kì í ṣe èyí tí a lè fi ṣòfò; ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ìwádìí ni ìwádìí ń jẹ́, ì báà ṣe ti okùn tàbí ti gbólóhùn.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni okùn ń gbà gbé àwòrán. Ti àtijọ́ ni okùn olórí mẹ́ta: aláwọ̀ ìyeyè fún àwòrán, pupa fún ohùn apá ọ̀tún, funfun fún ohùn apá òsì. Nínú okùn yìí, àwòrán ń lọ bí ìró ìlù ti ń la afẹ́fẹ́ kọjá: bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ìró ṣe ń rẹlẹ̀ tó. Okùn tí kò dára yóò mú kí àwòrán ṣú, ṣùgbọ́n a ó ṣì máa rí nǹkan fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́.

Ti ìgbàlódé ni HDMI, tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2002. Iye ni òun ń gbé, kì í ṣe ìró. Ó dà bí àrokò. Bí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wa fà sí, tí eruku bo owó náà lọ́nà, mẹ́fà náà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá bọ́ sọnù, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí iye tí HDMI gbé bá pé, àwòrán pé. Bí kò bá pé, ojú ẹ̀rọ a máa ṣẹ́ wìnnìwìnnì bí ìràwọ̀, tàbí kí ó ṣókùnkùn kí ó tún mọ́lẹ̀, tàbí kí ó dákú pátápátá. Okùn olówó gọbọi kò lè mú kí aṣọ òṣèré pupa ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹni tí ó bá mọ èyí ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́nu dídùn tí ń sọ pé wúrà ni orí okùn tòun, pé nítorí náà àwòrán yóò máa dán. Iṣẹ́ wúrà níbẹ̀ ni pé kì í dípẹtà. Ní ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀ bí Èkó, àǹfààní ni. Ṣùgbọ́n kò fi ẹwà kún àwòrán. Ohun mẹ́ta ni kí olùrà béèrè.

Èkíní, ẹrù wo ni okùn náà lè gbé? Èyí tí a kọ High Speed sí lára tó fún àwòrán 1080. Premium High Speed ń gbé gígábíìtì 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì tó fún àwòrán 4K tí ń yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ultra High Speed ń gbé 48, òun ni àwòrán 8K ń fẹ́. Ẹni tí dẹ́kódà rẹ̀ kò kọjá 1080, kí ni yóò fi ti 8K ṣe? Ta ní ń wọ agbádá lọ roko?

Èkejì, báwo ni ọ̀nà ti jìn tó? Mítà méjì tàbí mẹ́ta kì í sábà fa wàhálà. Bí ó bá ti ń sún mọ́ mítà mẹ́wàá, okùn oníbàbà lè máà lè gbé 4K délé mọ́. Okùn tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán ló yẹ ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ó ní orí, ó ní ìdí, wọ́n sì kọ èyí tí yóò wọ tẹlifíṣọ̀n sí i lára. Bí a bá yí i padà, kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ṣé ààyè wà fún un láti tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́? Okùn tí a ká ní ìkákùká sẹ́yìn ògiri, wáyà inú rẹ̀ ló ń ṣẹ́.

Ìwádìí ni ó wá le jù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ọdún 1991 ni wọ́n fi fídíò ya ìyá mi níbi tí ó ti ń ki bàbá wa ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ papò dà ní 2004. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn ni ojú àti ohùn rẹ̀ ti wà pọ̀. Ní ọdún Àjíǹde kan tí tọmọ-tọmọ-ọmọ péjọ, a gbé ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ jáde. Tẹlifíṣọ̀n tuntun kò ní ihò aláwọ̀ ìyeyè, a sì ti ra àpótí kékeré tí ń sọ ti àtijọ́ di HDMI. Ẹ kíyè sí i pé oríṣi méjì tí ó jọra bí ìbejì ni àpótí yìí: èkejì ń sọ HDMI di ti àtijọ́. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

A tan ẹ̀rọ. Ohùn Ìyá gba gbogbo ilé kan, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bú sẹ́kún. Ẹni tí ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe tí a ránṣẹ́ pè ní, "Tíṣà, kásẹ́ẹ̀tì yín ti kú. Ẹ jẹ́ kí ó lọ."

Mo ní kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohùn ń gba orí pupa àti funfun kọjá, ó sì ń dé. Àwòrán nìkan ni kò dé, orí ìyeyè nìkan ni ó sì ń gbà. Kí a tó dá kásẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á bi ọ̀nà léèrè. Àwọ̀ ni ó yàtọ̀ lára okùn mẹ́ta wọ̀nyí. Pupa lè ṣe iṣẹ́ ìyeyè. Mo fa ìyeyè yọ, mo ki pupa bọ ihò rẹ̀ níbi méjèèjì. Ìyá yọ sójú ẹ̀rọ, gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nawọ́ sí pósí. Wáyà ìyeyè ni ó ti ṣẹ́ lọ́rùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ìyá mi ni. Wá jókòó." Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni a da kásẹ́ẹ̀tì náà kọ sínú kọ̀ǹpútà.

Òfin tí ó wà nínú ìwádìí yìí ni pé ohun kan ṣoṣo ni kí á yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí HDMI bá kọ̀, kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò tí a ki okùn bọ̀ ni rìmóòtù yàn. Kí á fa okùn yọ, kí á tún un kì dáadáa. Kí á pa ẹ̀rọ méjèèjì, kí á tún wọn tàn. Kí á dán ihò mìíràn wò, lẹ́yìn náà okùn mìíràn. Bí àwòrán bá kọ̀ ní 4K tí ó sì jẹ́ ní 1080, ó ṣeé ṣe kí ẹrù ti pọ̀ jù fún okùn. Bí ohùn kò bá lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣé ihò tí a kọ ARC sí ni a lò? Láti ìlànà 1.4 ti ọdún 2009 ni èyí ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ihò ni ó ní in. Ẹni tí ó bá tú gbogbo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ rí àwòrán, kò ní mọ ohun tí ó ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ mú òfin yìí dání. Kọ okùn, kọ òkun, kọ okun: lẹ́tà kan náà ni, àmì ohùn ni ó yà wọ́n. Bí gbólóhùn kò bá yé olùyẹ̀wò, kì í ṣe gbogbo àròkọ ni kí ẹ fà ya. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà náà láti orí dé ìdí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àmì kan ti bọ́ sọnù ni ẹ ń wá.