Amọ̀nà Kì Í Fi Àlejò Sígbó

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní J4 nínú Igbó Ọmọ ló bi mí ní ohun tí àwọn àgbà kò lè bi mí lójúkorojú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ mú àwọn tó pa erin wọgbó?" N kò bínú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bi èèyàn lójú sàn ju èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè dá a lóhùn láìsọ bí iṣẹ́ amọ̀nà ti rí kó tó bàjẹ́.

Ọ̀gá mi, tí mo ń pè ní Bàbá, ti di ará ọ̀run. Ọdẹ aperin ni wọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi erin sílẹ̀, amọ̀nà ni wọ́n ń ṣe. Agégẹdú, awọnlẹ̀ ìjọba, òyìnbó tó ń wá wo ewé àti labalábá, ọ̀dọ̀ Bàbá ni gbogbo wọn ń forí lé. Igbó Ọmọ kò dá dúró. Ó so mọ́ igbó Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó so mọ́ ti Ṣàṣà ní Ọ̀ṣun, erin sì ń rìn láàárín wọn bó ṣe wù ú. Àlejò tó bá ṣìnà níbẹ̀ lè rìn títí kó má bá ilé pàdé.

Kò sẹ́ni tó ń bá Bàbá wọgbó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jókòó síwájú Olúọdẹ, kó sọ ohun tó ń wá, kí a sì pa obì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá á kó ẹkùrọ́ sínú àpò ọdẹ, ẹyọ kan fún àlejò kan. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà ẹkùrọ́ ni wọ́n ń kà. Bí a bá jáde, àlejò kọ̀ọ̀kan á gba ẹyọ tirẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sínú àpò, èmi àti Bàbá á tún wọgbó padà lóru, òjò ì báà máa rọ̀. Amọ̀nà kì í fi àlejò sígbó.

Bí Bàbá ṣe ń fi àdá sàmì ọ̀nà náà kò jọ ti ẹlòmíràn. Ìhà tó kọjú sí àárín igbó ni Bàbá ń ṣá lára igi. Ẹni tó ń bọ̀ wálé á rí i, ẹni tó ń ti ilé bọ̀ kò ní rí nǹkan kan àfi tó bá ń wẹ̀yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni ẹjọ́ mi.

Ọdún 1938 ni ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ jáde. Bàbá kò mọ̀wé, àbúrò wọn tó jẹ́ tíṣà ló máa ń kà á sí wọn létí. Bí ó bá ti dé ibi tí àwọn akọni gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó, Bàbá á ní kó dúró ná, kó sọ ẹni tó mọ̀nà nínú wọn.

Nínú irinṣẹ́ wa, fìtílà kábáìdì ni mo ń ṣàárò jù. Iná rẹ̀ pọ́n, ó ń dún ṣììì, òórùn rẹ̀ á sì ti ṣáájú ọdẹ débi tó ń lọ. Ẹni tó bá dè é mórí kò lè sá pamọ́ fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti orí ègùn, mo lè wo iná kan lókèèrè kí n dárúkọ ẹni tó ni ín, nítorí oníkálukú ló ní bó ṣe ń gbé orí. Bí kábáìdì bá sì ti jó tán, ilé yá nìyẹn, ẹran tó kù di ọjọ́ mìíràn. Idẹ ni èyí tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń la ẹnu rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ìwòyí funfun bí ọ̀sán, ìka kan ni wọ́n fi ń pa á. Ẹni tó gbé e lè wà nínú igbó di àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Láti ìgbà tó ti dé ni igbó ti kún fún àwọn tí kò sẹ́ni tó lè dárúkọ wọn.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n bẹ́ igbó ńlá lulẹ̀, wọ́n gbin mẹláìnà fún bébà tí wọ́n fẹ́ máa ṣe ní Ìwópin. Lọ́dún 1977, UNESCO ka Igbó Ọmọ mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Síbẹ̀, àwọn olóko kòkó wọlé, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tẹ̀lé wọn. Ẹran ìgbẹ́ di ọjà etí títì. Bàbá kú, a ṣe ìpà wọn, a sun ìrèmọ̀jé mọ́jú, mo sì gba ipò wọn.

Àwọn ọkùnrin méjì tó sọ orúkọ mi di yẹpẹrẹ ní igi ìrókò làwọn ń wá. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ló mú wọn wá, òun ló ṣe onídùúró fún wọn níwájú Olúọdẹ. Mo mú wọn lọ, mo mú wọn bọ̀, wọ́n gba ẹkùrọ́ wọn lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni a bá òkú erin lẹ́bàá odò, wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ pè mí, wọ́n ní apá àdá mi ni àwọn apani náà tọ̀ wọlé. Mo ní kí a jọ lọ wo ìhà tí mo ṣá lára igi. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé mi. Àgbà tó mú wọn wá jókòó láàárín àwọn tó dájọ́, kò la ẹnu. Wọ́n gba ìbọn mi, wọ́n gba fìtílà Bàbá, wọn kò dá a padà títí dòní. Lọ́jà, àwọn tó ń pè mí ní Bàbá Amọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá lásán.

Fóònù ló mú àwọn ọkùnrin méjì náà padà wọlé. Ó ń ya ipa ọ̀nà sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, kódà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí rárá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ iná kábáìdì mọ ìyẹn, nígbà tí àwọn tó dájọ́ fún un kò mọ̀ ọ́n?

N kò jókòó sunkún. Nígbà òjò tó tẹ̀lé e, mo wọgbó lọ́wọ́ òfo, mo dé abẹ́ igi òro tí erin máa ń wá lọ́dọọdún. Èso bọ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ń rà. Kò sí ìgbẹ́ erin tó tutù, kò sí ẹrẹ̀ tuntun lára igi. Bí òro bá ń rà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, erin ti mọ̀ pé èèyàn wà nítòsí. Mo tọ etí omi lọ sókè, kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti gbóòórùn ẹran tí àwọn kan ń yan nínú àgọ́. Mo dùbúlẹ̀ sínú àbàtà títí wọ́n fi sùn. Mo rí ìbọn wọn, ọ̀kan nínú àwọn tó ní ìrókò làwọn ń wá sì wà láàárín wọn. Òru yẹn ni mo rìn jáde láìtan iná, mo kan ilẹ̀kùn àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Kí oòrùn tó yọ, mo ti mú wọn dé àgọ́ náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kó wọn láìyìnbọn. Erin kankan kò kú.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni mo ń ṣe amọ̀nà fún láti ìgbà náà. Ọdẹ ni púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ló sọ fún mi pé lọ́dún 2021 ni IUCN ka erin inú igbó sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì ní ó ti dé bèbè ìparun. Oyún erin tó oṣù 22. Ìbọn ẹ̀ẹ̀kan ń pa ohun tí igbó kò lè tètè rọ́pò, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni so ikú ọ̀kan mọ́ mi lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ kò tíì pè mí padà, n kò sì bẹ̀ wọ́n. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí àlejò fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó, kí a kọ orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó ṣe onídùúró fún un sì jẹ́jọ́ pẹ̀lú amọ̀nà bí ọ̀rọ̀ bá dàrú. Ká ní òfin yìí ti wà lọ́jọ́ náà, èmi nìkan kọ́ ni wọn ì bá dájọ́ fún.