Ìdè Ọwọ́ Mi

Nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, a rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni a máa lò nílé. Oṣù mẹ́jọ ni a lò. Nígbà tí ojú ń ti mí láti máa tọrọ owó lọ́wọ́ bàbá mi, mo wáṣẹ́ lọ. Ibi méjì ni mo ti ṣiṣẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé padà, ibi méjèèjì ni wọ́n sì ti ní kí n bọ́ ìdè ọwọ́ mi. Ti àkọ́kọ́ kò dùn mí rárá. Ti èkejì ṣì ń dùn mí títí di òní.

Babaláwo ni bàbá mi. Ìdè tí mo ń wí yìí ni ìlẹ̀kẹ̀ òtútù-ọ̀pọ̀n, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, tí àwọn ọmọ Ifá máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì. Láti kékeré ni ó ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá rí i mọ ilé tí mo ti jáde, bí ẹni tó rí tẹ̀sùbáà tàbí àgbélébùú ṣe ń mọ ti ẹlòmíràn.

Béékárì ni mo kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá tó ń po ìyẹ̀fun wo ọwọ́ mi, ó ní, "Àbúrò, bọ́ nǹkan ọwọ́ yẹn sápò. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá já sínú ìyẹ̀fun, eyín oníbàárà la máa fi wá a." Mo rẹ́rìn-ín, mo bọ́ ọ. Òun náà ti bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sójú fèrèsé. Ẹni tó wọ aago bọ́ aago. Bí a bá ṣíwọ́, kálukú á wọ tirẹ̀ padà, ó di ilé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí iṣẹ́ sí súpámákẹ́ẹ̀tì kan tí owó rẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí owó ni wọ́n fi mí sí. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì, owó kò sì dín lọ́wọ́ mi rí, kí Màdámù tó rí ọwọ́ mi níbi tí mo ti ń fún oníbàárà ní ṣéńjì.

"Kí nìyẹn?"

"Ìdè Ifá ni, mà."

"Ibi tí àwọn èèyàn gidi ti ń ra ọjà nìyí o. Bọ́ ọ, tàbí kí o máa lọ sílé."

Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí fi àgbélébùú sọ́rùn. Ẹni tó ń kó ẹrù wọ rọ́bà tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá wọn wí.

Mo bọ́ ọ. Mo nílò owó náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, màá dúró ní ìkòríta àdúgbò wa, màá so ìdè náà padà kí bàbá mi tó rí mi. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ló dé tí òwú ìdè mi ń yára gbó báyìí. Mo ní òógùn ni.

Nígbà tí a padà sílé ẹ̀kọ́, mo ka ẹjọ́ àwọn obìnrin Kìrìsìtẹ́nì méjì kan ní Ìlú Ọba. Nadia Eweida ń ṣiṣẹ́ fún British Airways ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Ní 2006, wọ́n dá a padà sílé láìsan owó fún un, nítorí pé ó fi àgbélébùú kékeré sọ́rùn síta. Nọ́ọ̀sì ni Shirley Chaplin ní tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ní kí ó bọ́ àgbélébùú rẹ̀, kí aláìsàn má baà fà á kí ó ṣe é léṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, nílùú Strasbourg. Ní January 15, 2013, Eweida jàre, Chaplin jẹ̀bi. Àgbélébùú Eweida kò pa iṣẹ́ kankan lára, ilé iṣẹ́ náà sì ti ń gba láwàní àti híjáàbù láàyè tẹ́lẹ̀. Ti Chaplin jẹ mọ́ ààbò.

Mo rí béékárì nínú ẹjọ́ Chaplin, mo rí súpámákẹ́ẹ̀tì nínú ti Eweida.

Ìdájọ́ Strasbourg kò de Nàìjíríà, ṣùgbọ́n a ní tiwa. Abala 38 nínú ìwé òfin wa ti 1999 fún kálukú láàyè láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn, ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Abala 42 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn.

Ìbéèrè méjì ni mo wá mú dání báyìí. Ṣé ohun tí ọ̀gá ní kí n bọ́ ń ṣe iṣẹ́ ní jàǹbá? Ṣé gbogbo wa ló ní kí a bọ́ tiwa? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, màá bọ́ ọ tayọ̀tayọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé ọ̀gá ti kọjá ibi tí owó oṣù rẹ̀ dé. N kò dá ẹnikẹ́ni tó bọ́ tirẹ̀ nítorí àtijẹ lẹ́bi. Èmi náà bọ́ tèmi.

Kí n tó fi àròkọ yìí ránṣẹ́, mo kà á fún bàbá mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àṣé òwú aláìṣẹ̀ ni mo ń bú látọjọ́ yìí."