Ẹ̀rí Ẹni tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Nínú Àwo

Ní ọdún 1971, Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kọrin fún ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo. Ilé-iṣẹ́ Decca ló gbé àwo náà jáde, Oroki Social Club sì lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin wa máa ń sọ pé ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ó ṣeé ṣe kí àbùmọ́ wà nínú iye yẹn, nítorí ọjà àwo láyé ìgbà náà kì í ṣe ọjà tí ẹnì kan jókòó ti ìwé rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ yọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ kúrò, ìdajì mílíọ̀nù ló kù. Ẹgbẹ́ gbajúmọ̀ wo ló ní ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kódà kéèyàn ka ìyàwó, ọmọ àti àna wọn mọ́ ọn? Èyí já sí pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó fi owó ara wọn ra àwo náà ni kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí Hárúnà ń kì. Dẹ́rẹ́bà ni, télọ̀ ni, ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Òkè Àjẹ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Wọn ò jẹ ẹgbẹ́ náà ní gbèsè, ẹgbẹ́ náà ò sì jẹ wọ́n. Orin ni wọ́n rà.

Irú olùgbọ́ yìí ni mo fẹ́ gbèjà: ẹni tó kàn ń gbọ́ orin, tí kì í ṣe onílù, tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ rẹ̀ nínú àwo. Mo gbà pé nígbà tí a bá ń wádìí àwo tó yẹ ká máa pè ní àgbà àwo, ẹ̀rí tirẹ̀ ló yẹ kó wúwo jù. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò ní nǹkan kan í jẹ níbẹ̀. Àpàlà, orin tí Hárúnà ń kọ, bíi jùjú àti fújì, jẹ́ orin tí a fi ń gbé èèyàn ga, owó sì wà nídìí ìgbéga náà. Ẹni tí wọ́n fi orin gbé ga kò ní í sọ pé orin náà kò dùn. Olórin tó ń bá olórin du ipò kò ní í sọ pé ó dùn. Ọ̀mọ̀wé tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ nípa olórin kan ti di ẹbí rẹ̀ ná, ó sì ṣòro fún un láti kéde pé apá kejì àwo kan súni. Ẹni tó kàn ń gbọ́ ọ lè pa á kó sì lọ sùn. Tí kò bá pa á, tó tún gbé e sí i lọ́jọ́ kejì, a ti rí ẹ̀rí tí owó kò lè rà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń gbọ́ gan-an. Àwo àtijọ́ tó ń sáré lórí giramafóònù kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Hárúnà sì lo àyè náà bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Kò jẹ́ kí gìtá wọ inú orin rẹ̀. Àgídìgbo ló fi ṣe ìpìlẹ̀, àpótí onígi tí wọ́n kan ahọ́n irin mọ́, tí ẹni tó ń lù ú ń fi ìka ta. Ohùn àgídìgbo náà lọ sílẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìyẹsẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gun orí rẹ̀. Gángan á dákẹ́ títí Hárúnà á fi parí gbólóhùn kan, á wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Hárúnà kì í kánjú. Á dúró lórí orúkọ ẹnì kan, á fà á, á fi ọ̀rọ̀ àgbà kan tì í lẹ́yìn, àwọn elégbè á gbè é, kó tó bọ́ sórí ẹlòmíì. Ẹni tí wọ́n fẹ́ kì ń dúró de orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìkankan nínú àwọn olórúkọ kò dúró de nǹkan kan, nítorí náà ó ráyè gbọ́ ohun tó wà láàárín orúkọ kan sí èkejì: bí ohùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìlù ṣe ń dáhùn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ Hárúnà wà.

Àwọn àgbà tó mọ àpàlà dáadáa kò ní í gbà fún mi. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, wọ́n á sì ní ẹni tí kò mọ oríkì, tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi pa òwe kan, ìdajì orin ló gbọ́. Òótọ́ ni. Mi ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá ìwádìí wọn dúró, torí láìsí wọn a ò ní í mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú ọ̀pọ̀ àwo tí eébú kún inú wọn. Ṣùgbọ́n ìdajì tí olùgbọ́ lásán kò gbọ́ yìí náà ni ìdajì tó ń kú. Àwọn tí wọ́n kì ń dolóògbé, ẹgbẹ́ ń tú ká, ìjà tó fa òwe ń tán nílẹ̀. Hárúnà fúnra rẹ̀ kú ní 1983. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, tó gbọ́ ọ lórí fóònù lónìí tí kò sì yí i kúrò, kí ló gbọ́ bí kò ṣe ìdajì tó kù?

Ẹ̀rí tó le jù lòdì sí ọ̀rọ̀ mi wà nínú ìtàn Hárúnà kan náà. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tó ṣe ní 1948 nípa Orímolúsì Adébóyè ti Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Ní nǹkan bí 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún un ṣe, ọjà sì dé. Ẹnìkan lè sọ pé ikú ọba ló ta àwo náà, pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nígboro ni olùgbọ́ lásán ń sáré tẹ̀ lé. Mo gbà á dé ibì kan. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló yí padà láàárín àwo méjèèjì: ọba ti wàjà, Hárúnà sì ti fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kún orin. A ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, nítorí náà mi ò lè fi àwo yìí jẹ́rìí, ẹni tó ń ta kò mí náà ò sì lè fi í jẹ́rìí. Ohun tó kọ́ mi ni pé kí a má fetí sí olùgbọ́ lásán nígbà tí ìròyìn bá ṣì gbóná. Lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo.

Ààlà kejì tún wà. Ní 1982, Island Records gbé Juju Music ti Sunny Adé jáde fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Orin méje ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gé wọn kúrú ju bí a ṣe ń ṣe é nílé lọ. Àwọn òyìnbó yìn ín gan-an, síbẹ̀ àwo mẹ́ta péré ni ilé-iṣẹ́ náà bá a ṣe kí wọ́n tó pínyà. Ìlù nìkan lè mú ẹsẹ̀ jó, kò lè mú ọkàn dúró. Olùgbọ́ tí mo ń sọ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè, kó tilẹ̀ má mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ẹ̀rí àwọn olùgbọ́ lásán wọ̀nyí ń ṣòfò. A mọ ọdún tí Hárúnà àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀, 1969 ni. A mọ orúkọ Bàtílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó sọ wákà di orin àwo. Ohun tí obìnrin tó ń gbọ́ Bàtílì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rò nípa rẹ̀, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Yunifásítì Tai Solarin kò jìnnà, Ìjagun ló wà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn télọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà Òkè Àjẹ. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè àwo tí wọ́n ń gbọ́ àtèyí tí wọ́n pa tì, kí wọ́n sì kọ èsì náà sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, nígbà tí àwọn tó lè sọ ọ́ ṣì wà láàyè.