Láàárín Wèrè àti Oníwàkiwà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa fi ń wo ẹni tí ìṣe rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ mu. Bí orí rẹ̀ bá dàrú, tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí ó ń rìn níhòòhò láàárín ọjà, wèrè ni; a ó káàánú rẹ̀, a ó sì wá oníṣègùn lọ. Bí orí rẹ̀ bá pé, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó lè bá a gbé, oníwàkiwà ni; a ó bá a wí títí, bí kò bá gbọ́, a ó yẹra fún un. Àánú ni ti ẹni àkọ́kọ́, ẹ̀bi ni ti ẹnì kejì. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni pé ilẹ̀ kan wà láàárín méjèèjì, àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ kò sì kéré.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní àwọn ènìyàn kan wà tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ronú, tí wọ́n sì ń gbà bá ọmọnìkejì lò, ti gan bí igi gbígbẹ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Kò ṣe é tẹ̀ síbi tí ọ̀ràn bá gbà, ó sì ń kó ìpọ́njú bá àwọn fúnra wọn tàbí àwọn tí ó yí wọn ká. Èyí ni mo pè ní àìsàn ìwà. Oríṣi mẹ́wàá ni ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013 kà, agbo mẹ́ta ni ó sì pín wọn sí.

Agbo kìn-ín-ní ni ti àwọn tí ìṣe wọn ṣàjèjì: ẹni tí ń fura sí gbogbo ayé; adágbé tí ìfẹ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀; àti ẹni tí èrò àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ṣe ará ilé ní kàyéfì. Agbo kejì ni ti àwọn tí inú wọn ń ru bí omi òkun: ẹni tí ń rẹ́ ọmọnìkejì jẹ tí kì í kábàámọ̀, ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ń di ìkórìíra kíá, tí ẹ̀rù pé a ó kọ òun sílẹ̀ kì í jẹ́ kí ó sinmi, ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ojú máa wo òun, àti agbéraga tí ìyìn kì í tó. Agbo kẹta ni ti àwọn tí àníyàn dè mọ́lẹ̀: ẹni tí ń sá fún àwùjọ nítorí ẹ̀gàn, ẹni tí kò lè dá ìpinnu kan ṣe, àti ẹni tí ètò àti òfin ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé tirẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ti fi púpọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀. Bí ìnira náà ti wúwo tó ni ó kọ́kọ́ ń wọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni èyí. Ní ọdún 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ẹni tí ó ṣètò kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé ní Aró, Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan ṣe ìwádìí láàárín àwọn Ẹ̀gbá. Jane Murphy wà nínú wọn. Ní ọdún 1976, obìnrin yìí kọ ọ́ pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ kan, àrankàn, fún ẹni tí ń ṣe tinú ara rẹ̀ láìbìkítà fún ẹlòmíràn, tí ó kún fún odì, tí ó sì lóríkunkun. Ó ní a kì í kà á mọ́ àìsàn tí oníṣègùn ń wò. Ojú àwọn baba wa ríran: wèrè lọ́tọ̀, àrankàn lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àrankàn kì í ṣe gbogbo mẹ́wàá. Bí a bá kó ojo, afura àti arẹ́nijẹ sínú àpò kan, a ti ṣi ènìyàn mú.

Ìwé àwọn Amẹ́ríkà náà ṣe ìkìlọ̀ kan: ohun tí ó yàtọ̀ gidigidi sí ohun tí àṣà ẹni ń retí ni kí a pè ní àìsàn. Nítorí náà, Yorùbá tí ó ní ayé le, tí ó sì ń ro àlá rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ṣàìsàn. Ọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí kò lè gbé ìyàwó láìbi baba rẹ̀ kì í ṣe aláìní ìpinnu. Ọmọ àbíire ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lé aya, ọmọ àti ọ̀rẹ́ jáde nítorí pé gbogbo wọn fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, àwa náà mọ̀ pé tirẹ̀ ti kọjá ayé le.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan wà tí èmi kò ní dárúkọ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ènìyàn ní òwúrọ̀, wọ́n lè bọ́ aṣọ ọrùn wọn fún un; bí ẹni náà bá gbàgbé láti kí wọn ní ìrọ̀lẹ́, wọn a gbé e ṣépè, wọn a tilẹ̀kùn mọ́rí, wọn a sunkún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Apá kan nínú ẹbí ní orí ti yí, àwọn ni ó mú wọn lọ sí ilé àdúrà. Apá kejì ní ìwà burúkú ni, àwọn ni kì í pè wọ́n sí ìnáwó mọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ilé mẹ́rin ni a ti tọ́ wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí a ń gbé wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ẹrù. Ní ọjọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ tí o kàwé, ṣé àìsàn ni èyí, àbí ìwà mi ni?" Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kò sì fún un ní orúkọ. Mo ní, "Ọgbẹ́ ni, mà. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ dá a sí ara yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni ẹ óò máa wẹ̀ ẹ́."

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìwà kò tó bẹ́ẹ̀ láìnírètí. Ní ọdún 1993, Marsha Linehan tẹ ìwé kan lórí bí a ṣe lè kọ́ ẹni tí inú rẹ̀ ń ru ní ìfaradà: bí yóò ti dúró nígbà tí ìbínú bá ń hó, àti bí yóò ti béèrè ohun tí ó fẹ́ láìba ilé jẹ́. Ìwádìí fi hàn pé ẹ̀kọ́ yìí ń dín ìpara-ẹni-lára kù. Ní ọdún 2011, obìnrin náà sọ fún gbogbo ayé pé òun alára ti gbé ilé ìwòsàn ọpọlọ rí nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ti arẹ́nijẹ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò gbọdọ̀ purọ́.

Nítorí náà, kí tọkọtaya má ṣe máa fi orúkọ àìsàn bú ara wọn. Ta ni kò fura rí nínú wa? Ta ni kì í fẹ́ ìyìn? Àǹfààní tí ó wà nínú mímọ oríṣi ìwà ni kí a mọ ọ̀nà tí a ó gbà súnmọ́ oníwà. Afura kò fẹ́ ẹ̀fẹ̀, òtítọ́ ṣókí ni ó fẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ń bà kò fẹ́ ìlérí ńlá. Kí a dé ní wákàtí tí a dá fún un ni ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ti ẹni tí ìwà tirẹ̀ jẹ́ lílù àti ìrẹ́jẹ, a lè mọ̀ ọ́n dájú, kí a sì tètè kúrò ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wa.